Kíkí Bàbá Akọ̀wé

Òórùn yíǹkì ló máa ń kọ́kọ́ dé sí mi nímú bí mo bá rántí ọ́fíìsì wa ní Ìkìrun: yíǹkì, ìwé àtijọ́ tí òjò ti pa, àti àgbàdo sísun láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó máa ń dáná lábẹ́ igi máńgòrò níta. Yàrá gígùn kan ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè. Láàárọ̀ ìgbà ọyẹ́, kùrukùru á bo òkè náà débi pé èèyàn á rò pé ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa ni ayé parí sí. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, gíláàsì fèrèsé á máa gbọ̀n, gbogbo wa á sì dákẹ́ títí á fi lọ tán, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ní ká dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, o mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Èèyàn á kàn tẹjú mọ́ ibì kan, ọkàn á ti bá ọkọ̀ náà lọ sí Ọ̀fà.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Inísà ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ sì ni mò ń ṣe. Lẹ́tà “a” inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fún mi kì í dúró lójú kan. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ṣe ló máa ń fò sókè díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìwé tó bá tọwọ́ mi jáde ń ta kìtì. Fáànù kan ṣoṣo ló wà lókè orí wa, ó ń pariwo ju bó ti ń fẹ́ lọ, ìyẹn lọ́jọ́ tí iná bá wà. Ẹsẹ̀ kan kúrú lára àga mi, ìwé òfin ìjọba kan tí kò sẹ́ni tó kà á rí la sì fi tì í. Mo bínú sí àga yẹn nígbà náà ju bí mo ti bínú sí ẹ̀dá alààyè kankan lọ.

Ṣùgbọ́n ìtura náà wà. Bí oòrùn bá ti ń gòkè, Màmá Òkúkù á tú ìdì ewé wọn. Àwọn ni àgbà obìnrin inú ọ́fíìsì náà. Láti Òkúkù ni wọ́n ti ń wọkọ̀ wá láràárọ̀, ọkọ̀ náà ló ń gbé mi ní Inísà, bí a ṣe di ìyá àti ọmọ nìyẹn. Ẹ̀kọ tútù àti mọ́ínmọ́ín ni wọ́n máa ń gbé wá. Wọ́n á pín in yíká yàrá, ti mẹ́sẹ́ńjà wa á kúrò níbẹ̀, a ó sì máa jẹun láìsọ̀rọ̀, atẹ́gùn òkè á máa wọlé wá bá wa. Títí di òní, bí mo bá jẹ mọ́ínmọ́ín elewé, ara mi máa ń balẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ti bá mi ṣe iṣẹ́ mi tán.

Ohun tó kọ́kọ́ sú mi nínú ọ́fíìsì náà ni kíkí. Má rẹ́rìn-ín. Yorùbá ni mí, wọ́n ti kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀ kí eyín mi tó pé, ṣùgbọ́n ti ibẹ̀ yàtọ̀. Bàbá kan wà tó máa ń jókòó sídìí káńtà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ará Ìbà ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gba àlejò, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé, kí wọ́n sì júwe ibi tí oníkálùkù máa yà sí. Bàbá Akọ̀wé là ń pè wọ́n. Ẹni tó bá wọlé kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kejì kó tó kí Bàbá Akọ̀wé tán pátápátá, kíkí náà a sì gùn bí ọ̀nà oko. Bó bá tún dìde nídìí tábìlì rẹ̀ láti mú pẹ́ńsùlù lásán, á tún kí wọn. “Bàbá, ẹ kú ìjókòó o, èmi Màmá Òkúkù ni mò ń kọjá lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù yìí.” “Òò, ẹ kú ìrìn o, Màmá Òkúkù.” Látàárọ̀ dalẹ́! Orí máa ń fọ́ mi. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ṣé báyìí ni ìlú ṣe fẹ́ tẹ̀ síwájú?

Èmi wá ń kí ní ṣókí. Màmá Òkúkù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan. “Ìwọ ọmọ yìí, kíkí rẹ kúrú jù. Tó o bá ń kí Bàbá, máa dárúkọ ara rẹ, kó o sì sọ ibi tó o wà.”

“Ṣé wọn ò rí mi ni, mà?”

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá fi mọ́ínmọ́ín kan kún tèmi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo Bàbá Akọ̀wé dáadáa. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò wá etí ìwé kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀, àti bí òǹtẹ̀ náà ṣe ń dorí kodò nígbà míràn tí Màmá Òkúkù á sì rọra gba ìwé náà, tí wọ́n á ní àwọn fẹ́ fi nǹkan kún un. Mo rí i pé bí àlejò bá wá tí kò kí wọn, ojú wọn kì í dúró síbi tí onítọ̀hún wà. Ojú Bàbá ti ṣú. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí rí. Èdè wa ló bá wa ṣe é. “Ẹ kú ìdúró” ń jẹ́ kí Bàbá mọ̀ pé ẹnì kan wà lórí ìdúró. “Ẹ kú òjò” ń sọ pé aṣọ ẹni tó wọlé ti tutù, kí wọ́n má fi ìwé lé e lọ́wọ́. “Ẹ kú àlejò” ń sọ pé ẹni tí a ò mọ̀ rí wà níwájú wọn. Ẹni tó bá sì wo gbogbo rẹ̀ láti òde, ọmọlúàbí ni yóò kàn pè wá.

Ó ku díẹ̀ kí Bàbá fẹ̀yìn tì. Bí àwọn aláṣẹ bá gbọ́, wọ́n á ní kí Bàbá máa lọ sílé kó tó tó àkókò, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n á rí mú lọ. Síbẹ̀, mo rò pé owó kọ́ ló ń ba Bàbá lẹ́rù jù. Ní Ìbà, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ wọn mọ́. Akọ̀wé lọmọdé mọ̀ wọ́n sí, òun làgbà mọ̀ wọ́n sí. Nígbà ayé àwọn òbí wa, Bàbá ló ń ka ìwé táwọn ọmọ ìdálẹ̀ bá kọ ránṣẹ́ fún gbogbo àdúgbò. Akọ̀wé tí kò lè ríwèé kà mọ́, kí la ó máa pè é? Ìdí nìyẹn tí èmi náà fi di akíni. Mo ń kí Bàbá Akọ̀wé bí ẹni tí wọ́n ń sanwó kíkí fún, n kì í sì í mọ̀ pé mò ń gbádùn rẹ̀, àfi nígbà tí mo bá gbọ́ ohùn wọn: “Òò, ọmọ Inísà, òní ti dùn mọ́ ọ nínú, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ.”

Ọ̀gá tuntun dé nígbà tí ọyẹ́ ń parí lọ. Jẹ́ kí n máa pè é ní “ó” níbí. Lójú rẹ̀ lọ́hùn-ún, “ẹ” ni gbogbo wa ń lò fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá Akọ̀wé bí irú rẹ̀. Òkè Ọya ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, Yorùbá tó gbọ́ kò sì ju èyí tí èèyàn fi ń ra nǹkan lọ. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an ló rí ìyà tí àga mi fi ń jẹ mí, ó sì ní kí wọ́n gbé òmíràn wá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan máa yá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń wo àlejò kan tó ti kí Bàbá, tí Bàbá ti bi í léèrè ilé, ọ̀nà, ìyàwó àti iṣu tó gbìn, tí iṣẹ́ tó bá wá kò tíì jẹ yọ. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó mirí.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé kan ti wà lára ògiri. Èmi náà ni mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kò sí kíkí mọ́ lásìkò iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀, kó ṣe é níta kó tó wọlé. Màmá Òkúkù kà á, wọ́n bọ́ ìgò ojú wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí: “Ta ló máa bá wa ṣàlàyé fún un báyìí?” Kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Bí a bá sọ ìdí tí a fi ń kí, a ti tú Bàbá síta nìyẹn.

A dọ́gbọ́n sí i o. Màmá Òkúkù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, mẹ́sẹ́ńjà ń wọ́ sálúbàtà rẹ̀ nílẹ̀, èmi ń fi imú kọ orin ìjọ wa. Ṣùgbọ́n ikọ́ kò lè jẹ́ iṣẹ́ tí “ẹ kú” ń jẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ewúrẹ́ ìyá alágbàdo wọ ẹnu ọ̀nà wá. Bàbá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n tẹrí ba díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó, wọ́n á dá yín lóhùn láìpẹ́.” Ewúrẹ́ náà dúró, ó ń wò wọ́n. Lọ́jọ́ míràn, ẹ̀rín ì bá pa wá kú. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mẹ́sẹ́ńjà dìde wẹ́rẹ́, ó mú un létí jáde, ó sìn ín sọ́nà bí àlejò pàtàkì.

Ohun tó dùn mí jù ni ojú Bàbá fúnra wọn. Wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé káńtà, wọ́n á máa yí orí sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni tó jí lójú oorun tí kò mọ ibi tí òun sùn sí. Nígbà tí mo ń kọjá níwájú wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, sà. Ọmọ Inísà.”

“Háà. Mo rò pé wọ́n ti gbé gbogbo yín lọ síbòmíràn ni. Ọ́fíìsì yìí ti ṣófo jù.”

Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi, n ò lè tẹ ohunkóhun. Gbogbo wa la wà nínú yàrá náà, a pé pérépéré, bàbá arúgbó yìí sì ń dá gbé láàárín wa.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló wá ṣẹlẹ̀. Ooru mú, mẹ́sẹ́ńjà ti lọ ṣe àlùwàlá, Màmá Òkúkù ń tòògbé díẹ̀. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, eruku ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, mo sì ń wò ó bí ẹni tó ń lálàá. Ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Nígbà náà ni ọ̀gá jáde nínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì kan lọ́wọ́. Bàtà onírọ́bà ló máa ń wọ̀, kì í dún, ariwo ọkọ̀ sì ti bo gbogbo ilé. Ó lọ dúró síwájú Bàbá Akọ̀wé, ó na fáìlì náà sí wọn.

Bàbá ò gbà á. Ojú wọn là sílẹ̀ gbalaja, ó sì wà ní àyà ọ̀gá gan-an, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni wọ́n ń gbọ́, ẹ̀rín fẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lẹ́nu wọn. Ọ̀gá dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nínà. Mo rí i tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó rò pé wọ́n ń rí òun fín ni. Ariwo ọkọ̀ náà ń jìnnà lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ sápá Inísà, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ jáde nínú yàrá yẹn ló máa pinnu bóyá Bàbá á lò tó ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ níbẹ̀. N ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ìdúró o, ọ̀gá!” Ohùn mi ga débi pé Màmá Òkúkù ta jí. “Ẹ kú ìdúró níwájú Bàbá Akọ̀wé. Fáìlì tẹ́ ẹ nà sí wọn yẹn á ti wúwo lọ́wọ́ yín, sà.”

Kíá ni Bàbá ti tẹrí ba, tí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì. “Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Ìró ọkọ̀ ló gbé mi lọ́kàn lọ.” Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì, kò kàn án. Ọ̀gá wo ọwọ́ náà. Ó wo ojú Bàbá. Ó wá yíjú wo èmi tí mo kúnlẹ̀ sábẹ́ ìwé tó ní ká má kí ara wa. Lẹ́yìn náà ló gbé fáìlì náà wá pàdé ọwọ́ wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ti ń gbé ọmọ tuntun fún ìyá àgbà.

Ó pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì: “Ṣé o ti ka ìwé tó wà lára ògiri?”

“Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, sà.”

“Kí ló dé tó o wá kí mi?”

Irọ́ ò wá sí mi lẹ́nu, n ò sì lè sọ òótọ́. “Ẹ dúró ni, sà,” ni mo sọ. “Ẹni tó bá dúró, àá kí i.”

Ó kọjú sí fèrèsé, ó ń wo òkè. “Máa lọ,” ló wí. Èmi àti Màmá Òkúkù la jọ wọkọ̀ lọ sílé. Nígbà tí mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní Inísà, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Ọlọ́run á bá wa bò ó.” Mo dáhùn àmín, ṣùgbọ́n n ò sùn re títí òpin ọ̀sẹ̀ náà fi kọjá. Mo ti rí i lọ́kàn mi bí Bàbá ṣe máa kó ẹrù wọn, tí gbogbo Ìbà á sì fẹ́ mọ ohun tí Akọ̀wé ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìwé náà ṣì wà lára ògiri. Ọ̀gá dé, kò sì wọlé bó ti máa ń wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wúkọ́ díẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Èmi ọ̀gá ni. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà.” Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó kù. “Ẹ… ẹ kú ìdúró.”

Orí àga ni Bàbá wà. Gbogbo wa di ẹnu mú. Àfi bí Bàbá ṣe bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí a ò ti gbọ́ láti ọjọ́ yìí. “Ọ̀gá mi, ẹni tó bá dúró là ń kí bẹ́ẹ̀. Èmi jókòó. Ẹ kú ìjókòó lẹ máa wí.”

“Ẹ kú ìjókòó, Bàbá.”

“Òò o. Ẹ̀yin lẹ kú ìdúró.”

Kò sẹ́ni tó já ìwé ara ògiri náà. Ó gbó síbẹ̀, àwọn àlejò ń kà á, wọ́n sì ń kí wa lọ. Ọ̀gá ń ṣi kíkí lò lójoojúmọ́, a máa kí ẹni tó ń jẹun pé ẹ kú iṣẹ́, Bàbá a sì máa tún un ṣe fún un. Ó tún sọ ọ́ dàṣà pé bí ìwé bá dé, kí ẹnì kan kà á sókè kí gbogbo ọ́fíìsì lè gbọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ á ṣe máa yá. A ní òótọ́ ni, sà.

Báyìí ni Bàbá Akọ̀wé ṣe lo ìgbà wọn pé. Lọ́jọ́ tí a ṣe ìdágbére fún wọn, a ra bísíkíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìyá alágbàdo sì gbé tirẹ̀ wá. Bàbá dìde, wọ́n di etí tábìlì mú. “Ẹ forí jì mí,” ni wọ́n wí. “Ohun kan wà tí mo fi pa mọ́ fún yín. Ojú mi ti lọ, ó ti pẹ́. Ṣe ni mò ń tàn yín jẹ níbí. Ìwọ ọmọ Inísà tó ò ń kí mi láràárọ̀, n ò rí ojú rẹ rí.”

N ò lè wo ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Yorùbá rẹ̀ sì dán lọ́jọ́ náà ju ti gbogbo wa lọ. “Háà! Bàbá! Kò lè jẹ́ òótọ́. A ò tiẹ̀ fura rárá.” Ni Màmá Òkúkù bá káwọ́ lérí: “Yéè! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lu òǹtẹ̀ gbuagbua!” Mẹ́sẹ́ńjà ń búra pé òun ò mọ̀, kí Ọlọ́run dárí jì í. Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn, ẹ̀rín ẹni tó gbọ́n ju gbogbo ayé lọ. Pẹ̀lú ẹ̀rín yẹn ni wọ́n fi padà sí Ìbà, Akọ̀wé tí kò sẹ́ni tó já ọgbọ́n rẹ̀.

Mo ti ronú lé e lórí àìmọye ìgbà. A máa ń gbàdúrà kí Ọlọ́run bo àṣírí wa, n ò sì mọ̀ kí n tó dé ọ́fíìsì yẹn pé ẹnu èèyàn lásán ni Ọlọ́run máa ń gbà ṣe é, àti pé bíbò tó dára jù ni èyí tí ẹni tí wọ́n bò kò mọ̀. Èmi náà ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì báyìí. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń ní kíkí kan tí n ò gbọ́ lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n á wọlé, wọ́n á ní, “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi Bọ́lá ni, èyí tẹ́ ẹ ní kó mú fáìlì wá lánàá.” N kì í rántí fáìlì náà. Mi ò bi wọ́n ohun tí wọ́n ti rí lára mi. Mo kàn máa ń dáhùn pé, “Òò, ọmọ mi, o káre.”